Àṣíborí Tí A Kò Dè Kì Í Gba Orí Là

Láti Ayétòrò-Èkìtì títí dé Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ọ̀kadà ló ń gbé púpọ̀ nínú wa lọ sóko, sọ́jà àti sílé ìwé. Òfin ìrìnnà ní kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ dé àṣíborí. Àmọ́ ẹ wo ọ̀pọ̀ àwọn tó dé e: okùn abẹ́ àgbọ̀n ń fì. Irú àṣíborí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni wọ́n ṣe dé e, kì í ṣe nítorí orí.

Lọ́dún 2009 tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú òfin yìí, àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dé ojúlówó àṣíborí láìde okùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ.

Ìdí ni pé èèpo àṣíborí tó le ló ń pín agbára ìkọlù káàkiri. Fóòmù inú rẹ̀ a rún, a sì gba ìyókù mọ́ra kó má bàa dé ọpọlọ. Bí okùn kò bá so, àṣíborí lè fò dànù kí orí tó kanlẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé àṣíborí ń fi ìdá 42 nínú 100 dín ewu ikú kù fún ẹni tó bá ní ìjàǹbá ọ̀kadà, ó sì ń fi ìdá 69 dín ewu ọgbẹ́ orí kù. Lóòótọ́, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà nítòsí wa ní Ìdó-Èkìtì, ṣùgbọ́n dókítà tó lè to eegun ẹsẹ̀ kò rí ọpọlọ tó bàjẹ́ tò.

Àwọn èrò kan ní àṣíborí tí gbogbo ayé ń dé dọ̀tí. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé wọ́n ti lè fi oògùn sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ ra tiyín, tàbí kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ borí kí ẹ tó dé e. Ẹ fi gèlè sínú báàgì títí ẹ ó fi dé òde. Ẹni tó sì ní ibi tí òun ń lọ kò jìnnà, kòtò ojú títì kì í béèrè ibi tí à ń lọ kó tó gbéni ṣubú.

Ẹ de okùn náà débi pé ìka méjì péré ni yóò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ti ẹ̀yìn àṣíborí síwájú. Bó bá bọ́, ó tóbi jù. Ti bàbá kò lè dúró lórí ọmọ, ẹ ra èyí tó ba orí rẹ̀ mu. Èyí tó bá ti gba ìkọlù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí kò tilẹ̀ sán, torí fóòmù tó ti rún kì í padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má gbéra kí okùn èrò yín tó so. Ẹ̀yin èrò, bí ẹni tó fẹ́ gbé yín kò bá ní àṣíborí, ẹ dúró de ẹni tó ní.