ÀGBÀBỌ̀ ṢÒKÒTÒ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ WINDOWS, MAC ÀTI LINUX

Ewì kọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìjà ni. Bí inú bá bí ẹnikẹ́ni, kó fèsì nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Àyè wà.

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, tí kò sí bọ́ọ̀lù láti wò, ìjà kọ̀ǹpútà ló kàn. Ọ̀kan nínú àwọn alábàágbé mi ní Mac tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti London. Bó bá ṣí i, á rọra máa nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Èkejì ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Linux nìkan ló ń lò, ó ti fi Ubuntu sí tirẹ̀, ó sì ń wá bí yóò ṣe fi sí tiwa. Àwa yòókù, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ la ní, pẹ̀lú Windows tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò san kọ́bọ̀ lé lórí. Èyí ní tòun yá, tọ̀hún ní tòun lẹ́wà, ẹ̀kẹta ní géèmù pọ̀ lórí tòun. Èmi a kàn máa rẹ́rìn-ín. Kí ló kan akéwì níbẹ̀?

Ó kàn mí lọ́jọ́ tí a sin Màmá.

Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi, ní Ayédé. Nígbà tó kú, wọ́n ní èmi tí mo ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni kí n kọ oríkì tí yóò wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Àgbẹ̀ ni Màmá. Kókò àti ẹ̀gúsí rẹ̀ ló rán bàbá mi níléèwé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọkọ́ rẹ kò sinmi." Ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ ni mo ní lọ́kàn o. Mo fi fọ́ǹtì Yorùbá kan tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sórí fláàṣì, ó di bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan nílùú. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ṣí i, àfi àpótí kéékèèké lójú ìwé. Èrò tò sẹ́yìn mi, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n tún un tẹ̀ láìfi àmì sí i. Wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń sọ." Mo gbà fún un. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìbátan wa kan tó dàgbà sí Èkó ló ka oríkì náà níwájú ìjọ. Ó kan ibi tí ìwé ti ní, "Oko re ko sinmi." Ó dúró díẹ̀. Ó wá pè é. Ẹ má bi mí bó ṣe pè é. Àwọn èwe fọwọ́ bo ẹnu, àwọn ìyá ẹgbẹ́ ń wo ara wọn, bàbá mi ń wo ilẹ̀. A sin Màmá tán, a jẹ, a mu, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo yẹn ni àdúgbò rántí nínú gbogbo ohun tí mo kọ nípa obìnrin tó fi ọkọ́ tọ́ ilé wa.

Láti ọjọ́ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ẹ̀rọ wo ló yá jù. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: ẹ̀rọ wo ni yóò jẹ́ kí n kọ ọkọ́, kó sì jẹ́ ọkọ́ níbi gbogbo tó bá dé? Oko là ń lọ, ọkọ là ń fẹ́, ọkọ́ la fi ń roko, ọkọ̀ là ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń gbé lọ́wọ́. Yọ àmì kúrò, gbogbo wọn di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní "wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń sọ" kò tíì sìnkú ní Ayédé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ yẹn, ẹ̀tàn ni wọ́n. Wọ́n á gbé àwòrán ẹ sí ipò lẹ́tà mìíràn. Bí fáìlì bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, àṣírí tú: lẹ́tà mìíràn á yọ, tàbí àpótí. Unicode ló wo àrùn náà. Ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ káàkiri ayé: ẹ ní 1EB9, ọ ní 1ECD, ṣ ní 1E63. Àmọ́ kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ẹ, kó gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí kò bá gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbé àmì náà sí, bíi fìlà tó ṣí lórí ọ̀mùtí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò láìṣègbè.

Mac kọ́kọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Yan àtẹ tí wọ́n ń pè ní ABC Extended, di Option mú, tẹ x, kí o wá tẹ o: ọ ti dé. Option pẹ̀lú e ń gbé àmì òkè wá. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rà á? Owó Mac tuntun kan, bàbá mi lè fi ra ilẹ̀. Bó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ ní Ayédé, ta ni yóò tún un ṣe?

Windows ńkọ́? Òun náà ti gbìyànjú. Àtẹ Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ló sì ṣiṣẹ́ náà: Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti ilé-iṣẹ́ ALT-I ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó bá Microsoft sọ Windows di Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Windows tó wà lọ́wọ́ wa. Èyí tí a jí ni. A kì í jẹ́ kó gba àtúnṣe, kí àṣírí má baà tú. Fáírọ́ọ̀sì inú fláàṣì ń gbé fáìlì wa pamọ́, ó ń fi ṣọ́tíkọ́ọ̀tì dípò wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ sí Windows 10 dúró fún gbogbo ayé, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò díẹ̀. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wa ni Windows 11 sì kọ̀, ó ní ọjọ́ orí wọn ti pọ̀. Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ti ní kí o jù ú nù. Àgbàbọ̀ ṣòkòtò ò yẹ ọmọ èèyàn: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á máa ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu.

Ìdí rèé tí mo fi bá Linux lọ.

Ọmọ Ayédé ni mí, ìlú tí àwọn èèyàn láti onírúurú ìletò kóra jọ sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lábẹ́ Àtá Èṣùbíyì. Mo mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀pọ̀ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Linux. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, gbogbo ayé sì bá a fọwọ́ kún un. Bí o bá wo àkójọ àtẹ rẹ̀, wàá rí Nàìjíríà, wàá sì rí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò lábẹ́ rẹ̀. Alábàágbé mi ṣí fáìlì tí àtẹ náà wà nínú rẹ̀ hàn mí. Ìwé tó ṣeé kà lásán ni! Ó ní, "Níbo lo fẹ́ kí ṣ wà?" Mo fọwọ́ tọ́ka, ó gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Ẹni tó bá rò pé ìjà họ́sítẹ́ẹ̀lì lásán ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ yìí lọ́dún 2007. Ìjọba fẹ́ ra kọ̀ǹpútà Classmate ti Intel 17,000 fún àwọn ọmọ iléèwé. Linux ni yóò wà lórí wọn, èyí tí ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe. Kò pẹ́, a gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ẹ̀rọ náà fẹ́ yọ Linux, kó fi Windows sí i. Ìròyìn gbé e pé Microsoft ń bá wọn dúnàá-dúrà lórí 400,000 dọ́là owó ìpolówó. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Microsoft ní òun ń tẹ̀lé òfin. Níkẹyìn, àjọ ìjọba tó ń sanwó náà, USPF, ní Linux làwọn ń bá lọ. Ẹ ò rí i? Ará Faransé ń pariwo, ará Amẹ́ríkà ń fèsì, orí ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń jà lé. Mi ò sì sọ pé Mandriva jẹ́ áńgẹ́lì. Òǹtajà lòun náà, ó sì kógbá sílé lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Àwọn ẹlòmíràn ti gbé e, wọ́n sì ń bá a lọ títí dòní. Bí Windows bá pàdánù olówó rẹ̀, ta la óò lọ bá?

Mo ti ń gbọ́ ìkùnsínú yín. Ẹ ní olùkọ́ ń béèrè Word. Òótọ́ ni. LibreOffice máa ń ṣí fáìlì Word, àmọ́ nígbà mìíràn á da ìlà rú. Ẹ fi ránṣẹ́ ní PDF tó gbé fọ́ǹtì sínú ara rẹ̀, kò sí àpótí mọ́. Ká ní mo mọ èyí ṣáájú ìsìnkú! Ẹ ní àwọn onítẹ̀wé ń lo CorelDRAW, kò sì sí i lórí Linux. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń fi í jẹun, kó máa lo Windows rẹ̀, kó ṣáà sanwó rẹ̀. Ẹ ní fóònù yín náà ń kọ Yorùbá. Ẹ ṣeun, ẹ wá fi fóònù tẹ iṣẹ́ àṣekágbá ojú ewé ọgọ́rin ká rí i. Ẹ ní Linux fúnra rẹ̀ ò tíì sọ Yorùbá tán, pé Gẹ̀ẹ́sì ṣì pọ̀ lójú rẹ̀. Èyí ló dùn mí jù, torí òótọ́ ni, torí pé iṣẹ́ tiwa sì ni. Àwa tí à ń gba oyè nínú Yorùbá, ta la fẹ́ kó wá bá wa túmọ̀ rẹ̀?

Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ọdọọdún ni olóòtú wa ń fi bírò sàmì sábẹ́ ẹ àti ọ, lójú ewé kan sí òmíràn, kó tó gbé e lọ fún fọ́tọ́kọ́pì. Bí ẹ̀dà bá jáde tán, èwo ni àmì, èwo ni ìdọ̀tí ẹ̀rọ? Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. A ń pe ara wa ní akéwì Yorùbá, bírò ló ń bá wa parí lẹ́tà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ wa fi Linux sí láptọ́ọ̀pù kan, kí a sì máa tẹ ìwé yìí lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mú iṣẹ́ tí fọ́ǹtì àtijọ́ wà nínú rẹ̀ wá mọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan mọ àtẹ Yorùbá lórí ẹ̀rọ tó bá ń lò, ìbáà jẹ́ Mac, ìbáà jẹ́ Windows. Bó bá wá fẹ́ ti ara rẹ̀, kó wá bá wa ní yàrá wa pẹ̀lú fláàṣì. A ò gba kọ́bọ̀.

Orí Linux ni mo ti tẹ èyí. Olóòtú ò ní fi bírò kàn án. Mo sì ti tún oríkì Màmá tẹ̀. Bí ìrántí ọdún kan bá pé, PDF ni mo máa gbé lọ sílé, ẹni tó bá kà á á rí ọkọ́ níbẹ̀.

Ó dọwọ́ yín.