Ẹ Má Tíì Dá Ọjà Ṣáínà Lẹ́bi, Ẹ Wo Kapásítọ̀ Yín Ná

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Avrankou, ní Ifangni àti ní òdìkejì bọ́dà, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àwọn ọmọ wa ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ báyìí. Wọ́n ń ra microcontroller tó ní rédíò nínú, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré bí èékánná. Wọ́n ń fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń fi ṣọ́ omi inú táǹkì, oko tàbí ẹnu ọ̀nà. Èyí dùn mọ́ mi gan-an. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé bí ẹ̀rọ náà bá ti kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó máa gbọ́: "Ọjà Ṣáínà ni, jẹ́ ó lọ." Wọ́n á jù ú nù. Owó séfà á lọ, ìgboyà ọmọ náà á sì bá a lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí ní Avrankou. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ẹ̀rọ kan sórí táǹkì omi, tí yóò máa ránṣẹ́ sí èkejì tó rà sínú ilé, lórí 868 megahertz. Láàárọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bí oòrùn bá ti mú, ó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi pààrọ̀ bátìrì àti eríàlì. Nígbà tó sú u, ó ní òun kò ṣe mọ́. Chip kò bàjẹ́ rárá. Kapásítọ̀ méjì, tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, ló fa gbogbo wàhálà náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, òkúta kan wà tí a ń pè ní quartz. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ilẹ̀ Faransé kan, Jacques àti Pierre Curie, ló fi hàn ní 1880 pé bí a bá tẹ irú òkúta yìí, iná á jáde lára rẹ̀. Bí a bá sì fi iná sí i, yóò máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yìí ni aago Seiko, aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́ tó dé ọjà ní December 1969, fi ń ka àkókò. Òun náà ni rédíò fi ń mọ ibi tí yóò dúró sí lójú afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n òkúta náà ní iye ẹrù tó gbọ́dọ̀ gbé kí ohùn rẹ̀ tó pé. Ẹni tó ṣe é ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kapásítọ̀ méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí àwa tó kàwé ní Faransé ń pè ní condensateur, ló ń di ẹrù náà lé e. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, òkúta á máa falẹ̀. Bí ó bá kéré jù, á máa sáré. Bí onílù ṣe ń fa awọ ìlù rẹ̀ kí ohùn tó bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu ló rí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ 9 pF. Bọ́ọ̀dù àti ẹsẹ̀ chip fúnra wọn ń fi nǹkan bí 3 kún un. Yọ 3 kúrò nínú 9, ó ku 6. Ìlọ́po méjì 6 ni 12. Kapásítọ̀ 12 pF méjì ló yẹ kó fi sí i. 22 pF ló fi sí i, nítorí òun ló rí yọ lára bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan. Ẹrù wá di 14 dípò 9.

Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ó ti fà sẹ́yìn ní nǹkan bí 40 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn jẹ́? Lórí 868 megahertz, ó tó 35 kilohertz. Láàárọ̀, ẹ̀rọ inú ilé ṣì ń gbọ́ ọ tipátipá. Ooru ọ̀sán wá tì í díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ sì parí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ti aago náà kò yàtọ̀: èyí tó bá ṣìnà ní 20 péré nínú mílíọ̀nù kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà ní ìṣẹ́jú kan láàárín oṣù kan.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú máa ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Òótọ́ ni, ẹni tí kò ní irinṣẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe bọ́ọ̀dù tirẹ̀, tó sì fẹ́ tà á fún aládùúgbò, kò gbọdọ̀ fi ojú díwọ̀n. Àwọn chip kan, irú èyí tí Silicon Labs ń ṣe, ní kapásítọ̀ nínú. Nọ́ńbà lásán ni ẹ ó yí nínú ètò wọn. Ti ESP32, ìta ló wà, ẹ ó jó o mọ́ ọn fúnra yín.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ẹnu oscilloscope kan ẹsẹ̀ òkúta náà. Ẹnu yẹn nìkan lè gbé 10 pF wá, ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n á sì yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí chip máa ránṣẹ́ láìdúró, kí ẹ fi rédíò mìíràn tó dájú wò ó. Fún aago, ẹ fi wé GPS, tó ń fúnni ní àmì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ láti ojú ọ̀run.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ má kọ́ wọn ní bí a ṣe ń so wáyà nìkan, ẹ kọ́ wọn ní ìwọ̀n. Kí ẹ sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ti òdìkejì, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní Igolo, èdè kan ni wọ́n jọ ń sọ.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ kapásítọ̀ méjì yẹn, omi táǹkì wa sì ń ránṣẹ́ lọ́sàn-án gangan títí di òní. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù tó fẹ́ jù nù, kó dúró ná. Kó kọ orúkọ chip rẹ̀, iye tí ìwé òkúta rẹ̀ sọ àti iye kapásítọ̀ tó fi sí i sí ìsàlẹ̀ níbí. A ó jọ ṣe ìṣirò rẹ̀.