Ẹ Má Pè É Ní Òṣèré Lásán

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní kíláàsì físíìsì ya àwòrán ẹni tó ti ṣe gudugudu méje fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí a lè lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri. Nichelle Nichols ni mo yà. Olùkọ́ wa wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Òṣèré lèyí. Lọ wá ojúlówó èèyàn." Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Lóòótọ́, òṣèré ni. Láti 1966 sí 1969 ló fi ṣe Uhura nínú Star Trek lórí amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà. Ọ̀gá ni Uhura nínú ọkọ̀ tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Òun ló ń gba ìròyìn wọlé, tó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún obìnrin aláwọ̀ dúdú nínú eré: kó gbálẹ̀, kó gbọ́únjẹ. Uhura kò gbálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, ó fẹ́ fi eré náà sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, Martin Luther King ló rọ̀ ọ́ pé kó dúró. Ṣé King náà kò níṣẹ́ gidi tó ń ṣe ni?

Bàbá mi ní àlá ọ̀sán gangan ni gbogbo eré ìràwọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ò gbọdọ̀ kọjá níwájú wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má bínú.) Èmi náà mọ̀ pé páálí àti ọ̀dà ni àwọn àpáta inú Star Trek, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Títí di 1977, ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni iléeṣẹ́ NASA ti rán lọ sí gbalasa òfurufú. Lọ́dún yẹn ni wọ́n gba Nichols síṣẹ́, ó sì ń káàkiri, ó ń pe àwọn obìnrin àti aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n wá kọ̀wé béèrè iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 1978, èèyàn 35 ni NASA mú: obìnrin 6 àti aláwọ̀ dúdú 3 wà nínú wọn. Sally Ride wà níbẹ̀, Guion Bluford náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì lọ lọ́dún 1983. Mae Jemison, tó ń wo Uhura nígbà tó wà lọ́mọdé, gòkè lọ ní 1992, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé Uhura wà lára ohun tó fún òun nígboyà.

Ọmọbìnrin mẹ́rin péré ló kù nínú kíláàsì físíìsì wa. Mẹ́sàn-án ni wá tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó lé àwọn márùn-ún yòókù. Wọn ò kàn rí ẹni tó jọ wọ́n lára ògiri yẹn ni.

Àwòrán náà ṣì wà nínú báàgì mi. Mo ti ya Jemison sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, màá tún gbé e lọ bá olùkọ́ wa.