Ta Ni Ó Ni Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìpàdé?

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp dákẹ́ lójijì káàkiri ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn ìjòyè rẹ̀ ní Kano, Èkó àti Accra ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ni ìbá rí ṣe ní ọjọ́ náà ju kí ó jókòó kí ó máa retí? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, Microsoft ti ilẹ̀kùn Skype pa, ó sì di kí olúkúlùkù máa kó ẹrù rẹ̀ jáde. Onílé ni ó lé ayálégbé. Ta ni yóò bi í?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ọ̀fẹ́ kúkú ni. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kì í ṣe òmìnira. Sọ́fítíwia tí ó ní òmìnira ni èyí tí a kọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ sí gbangba, tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lè yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó lè tún un ṣe, tí ó sì lè gbé e ka orí kọ̀ǹpútà ti ara rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Signal wà lára wọn. Nígbà tí a ń fi àrokò ránṣẹ́, ẹni tí ó rán an àti ẹni tí a rán an sí ni ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó rù ú lọ lè má mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni Signal ṣe ń di ọ̀rọ̀, WhatsApp pàápàá sì yá ọgbọ́n náà lò. Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ó wà nínú ohun tí oníṣẹ́ ń kọ pamọ́ nípa ẹni tí ó rán an. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Virginia ní Amẹ́ríkà pàṣẹ kí Signal kó ohun tí ó mọ̀ nípa oníbàárà kan wá. Ohun méjì péré ni ó rí kó kalẹ̀: ìgbà tí onítọ̀hún forúkọ sílẹ̀ àti ìgbà tí ó lò ó kẹ́yìn. Ti Meta, tí ó ni WhatsApp, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni àjọ FCCPC ti Nàìjíríà bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé e lórí ọ̀rọ̀ ìsọfúnni àwọn ará ìlú.

Fún ìpàdé olójú-kojú, Jitsi wà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Strasbourg ní ọdún 2003. Ẹgbẹ́ lè gbé e sí orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀ nínú ìpàdé Jitsi, ẹni tí kọ̀ǹpútà náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lè tẹ́tí sí i. Nítorí náà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni kí a fà á lé lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò sì ní ṣàì wọlé lóṣooṣù. (Àwọn tí ń pariwo òmìnira jù lọ ni kì í tètè san owó ẹgbẹ́.) Ìjọba Faransé ti ṣe irú rẹ̀: ní ọdún 2019 ni ó gbé Tchap kalẹ̀ lórí Matrix fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò lé ìyá ọlọ́jà kúrò lórí WhatsApp, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kí ìkéde ìpàdé gbogbogbòò máa lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó, orúkọ àwọn olùdíje àti ìpinnu ìgbìmọ̀ ni kí a kọ́kọ́ kó kúrò, kí ó má sì jẹ́ akọ̀wé nìkan ni yóò mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà náà.