Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Kí Ẹ̀rọ Má Ṣe Fi Òṣùwọ̀n Ara Rẹ̀ Ka Nọ́ńbà Ẹ̀rọ Mìíràn

Ní ọjọ́ 4, oṣù Òkudù, ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kan tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní Ariane 5 gbéra láti Kourou, ní ilẹ̀ Guiana ti Faransé. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi yà kúrò lójú ọ̀nà, tó sì fọ́ yángá-yángá ní òfúrufú pẹ̀lú sátẹ́láìtì 4 tó gbé. Kì í ṣe ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ló bàjẹ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló fà á.

Ètò kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀ mú iye kan tó jẹ mọ́ eré tí ó ń sá ní ìbú, tí wọ́n kọ sínú bíìtì 64, ó sì gbìyànjú láti tì í wọ inú àyè bíìtì 16. Irú àyè bẹ́ẹ̀ kò gbà ju 32,767 lọ. Láti ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú ètò náà wá. Òun kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ ní ìbú, nítorí náà àyè yẹn tó o. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku ti yí padà, ìtẹ́ kò yí. Èyí tó dunni jù ni pé iṣẹ́ tí apá ètò náà ń ṣe kò tilẹ̀ wúlò mọ́ lẹ́yìn tí Ariane 5 bá ti gbéra.

Ẹ̀yin òǹkàwé, nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà kì í dá dúró. 0 àti 1 lásán ni. Òfin tí a fi kà wọ́n ló sọ wọ́n di iye. Èyí tó le jù ni àwọn nọ́ńbà tó ní pọ́ìntì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní floating point. A pín bíìtì wọn sí mẹ́ta: apá kan ń sọ bóyá nọ́ńbà náà kéré sí òdo, èkejì ń sọ ibi tí pọ́ìntì wà, ẹ̀kẹta sì di nọ́ńbà gan-an mú. Nígbà kan, bí IBM ti ń pín tirẹ̀ kọ́ ni DEC ń pín tirẹ̀, Cray náà sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ọjà mẹ́ta tí kóńgò wọn kò dọ́gba. Ní 1985 ni òfin àjùmọ̀lò jáde, IEEE 754, tí ọ̀jọ̀gbọ́n William Kahan ti Yunifásítì California ní Berkeley ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Turing dá a lọ́lá ní 1989. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjà parí síbẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo debugger, irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń wá àṣìṣe. Onímọ̀ lè jókòó ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀, kí ó máa fi debugger wo inú ẹ̀rọ kékeré mìíràn, bóyá èyí tó ń darí bíréèkì ọkọ̀ tàbí èyí tó ń fún aláìsàn ní oògùn. Ẹ̀rọ méjèèjì lè má jẹ́ irú kan náà. Nínú èdè C, irú nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ long double. Lórí kọ̀ǹpútà Linux tó ní ẹ̀rọ Intel nínú, bíìtì 80 ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀; lórí àwọn ẹ̀rọ ARM tuntun tó ń lo Linux, 128 ni; bí ẹ bá lo irinṣẹ́ Microsoft, 64 péré ni. Orúkọ kan, ìwọ̀n mẹ́ta.

Bí debugger bá gba nọ́ńbà bíìtì 128, tó gé e kù sí 80 tirẹ̀ kí ó tó fi hàn, ohun tí onímọ̀ ń rí kì í ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ wò. Yóò máa wá àṣìṣe níbi tí kò sí, yóò sì fojú fo èyí tó wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ orí tábìlì ni GDB, debugger ọ̀fẹ́ tó gbajúmọ̀, fi ń ṣírò. Ní 2017 ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ tún un ṣe. Ní báyìí, bí ẹ̀rọ orí tábìlì kò bá ní irú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kejì ní, GDB a lo MPFR, ètò ìṣirò tó lè fi iye bíìtì yòówù tí a bá fẹ́ ṣírò, láti tẹ̀ lé òfin ẹ̀rọ kejì. Ó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí ni mo kà á sí.

Àwọn kan ń sọ pé àṣejù ni, pé ìyàtọ̀ tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà lóde báyìí dáhùn. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń lo nọ́ńbà bíìtì 16 oríṣi méjì: èyí tó wà nínú òfin IEEE, tó fi bíìtì 5 sọ ibi tí pọ́ìntì wà, àti bfloat16 ti Google, tó fi 8 sọ ọ́. Ẹ mú bíìtì 0011111110000000. Bí ẹ bá fi òfin bfloat16 kà á, 1 ni. Bí ẹ bá fi ti IEEE kà á, 1.875 ni. Kò sí bíìtì kan tó yí padà, síbẹ̀ iye náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n kọ òfin tí wọ́n fi ka nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fi bíìtì náà hàn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kí wọ́n má méfò. Ẹni tó ń lo GDB lè ṣe é fúnra rẹ̀ lónìí: àṣẹ x/xb a máa tú inú ìrántí ẹ̀rọ síta ní báìtì kọ̀ọ̀kan, láìfi ìtumọ̀ kankan lé e lórí.