Ìwé Tó Dúró Lágbedeméjì

Ẹ̀yin òbí wa, mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú yín tí ìwé wọn dúró lágbedeméjì. Oyún dé, owó tán, iṣẹ́ òru kò jẹ́ kí èèyàn lè kàwé. Ọdún gorí ọdún, ẹ wá gbà pé ó ti bọ́ nìyẹn.

Kò tíì bọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kírẹ́díìtì 360 ló para pọ̀ di dìgírì honours. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tó ní 120 lè gba sátífíkéètì, ẹni tó ní 240 lè gba dípúlómà. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè èsì yín lọ́wọ́ ilé ìwé àtijọ́, kí ẹ sì bi ti tuntun pé mélòó ni wọ́n máa kà kún un. Ẹ tètè ṣe é o. Àwọn mìíràn kì í gba èyí tó bá ti pẹ́ jù.

Open University, tó ti ń kọ́ àwọn àgbà láti 1971, kì í béèrè ìwé ẹ̀rí fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe kírẹ́díìtì 60 lọ́dún, ọdún mẹ́fà ni. Ó gùn lóòótọ́: ọmọ tó wà ní Year 2 báyìí á ti wọ ilé ìwé girama.

Ẹ̀yin ọmọ wa, tí mọ́mì tàbí dádì bá ṣí ìwé, ẹ rẹ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ẹ bá wọn fọ abọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní Yorùbá: “Ibo lẹ kàwé dé?”