Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Èrìgì Tí Ó Di Eyín Mú

A ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ilé bá rí ẹ̀jẹ̀ lára orín wọn ní òwúrọ̀, wọn a fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀, kí wọn má bàa pa á lára. Èyí kò dára rárá, ẹ sì jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Eyín ta gbòǹgbò sínú egungun àgbọ̀n, ó la èrìgì já, ó sì yọ orí sínú ẹnu, níbi tí kòkòrò àìfojúrí pọ̀ sí. Kí ni ó wá dí ẹnu ọ̀nà náà? Láàrin etí èrìgì àti eyín ni kòtò kékeré kan wà, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1 sí 3 nígbà tí ara bá le. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan gbé lẹ̀ mọ́ ara eyín gan-an, bí ẹni pé a fi àtè lẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ awọ náà ni àwọn fọ́nrán líle wà: àwọn kan wọ inú gbòǹgbò eyín lọ, àwọn mìíràn sì yí ọrùn eyín ká, wọ́n fún èrìgì mọ́ ọn bí okùn ti í fún ẹnu àpò. Awọ fẹ́lẹ́ yìí kì í pẹ́ gbó; láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni titun ti í rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá mà pọ̀ o!

Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ etí èrìgì, èrìgì a wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ní 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní ilẹ̀ Denmark, ròyìn bí ènìyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá ti jáwọ́ nínú fífọ eyín. Láàrin ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ ọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ó fi san.

Nítorí náà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ gan-an ni kí a rọra fọ̀. Nínú ẹlòmíràn tí ó bá pa á tì, ìdè náà a tú, kòtò a jìn, egungun a jẹ, eyín a sì máa mì. Èrìgì aláboyún a máa tètè ṣẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ inú ń jẹ eyín ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń wí. Kí ẹni tí ń fa tábà má ṣe yọ̀ pé òun kò rí ẹ̀jẹ̀, nítorí tábà a máa dín ẹ̀jẹ̀ náà kù, àìsàn a sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ń fọ̀ ọ́ dáradára, kí a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, kí ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ wọn jíjìn kòtò náà yí eyín kọ̀ọ̀kan ká.